Òpin Ọ̀sẹ̀ Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n: Bí A Ṣe Ń Gun Òkè, Tí A Ń Pàgọ́, Tí A sì Ń Bọ̀ Láyọ̀

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà pé ìsinmi tó lórúkọ gbọ́dọ̀ jìnnà: kí a wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí a sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí owó gidi sì bá a lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dúró de ìsinmi ọdọọdún. Nígbà tó bá sì dé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ á ti gba gbogbo ohun tí wọ́n tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì lè jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó gun òkè, kó wẹ̀ nínú omi tó ń já láti orí àpáta, kó sùn sínú àgọ́, kó sì ti wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀ létòlétò, kí ẹni tí kò gun òkè rí lè fọkàn balẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sì fẹ́ kó yé wa pé sísún tí ibi kan sún mọ́lé wà lára iyì rẹ̀. Ibi tó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń rí i. A ya fọ́tò, ó parí. Èyí tó sún mọ́lé, a lè lọ nígbà òjò, ká tún lọ nígbà ọyẹ́. A ó mọ ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti ń yọ̀, a ó mọ oṣù tí omi rẹ̀ ń kún, àwọn ará ìlú náà yóò sì dá wa mọ̀ lójú. Ìmọ̀ òkè àti ìmọ̀ odò kì í wá nínú àbẹ̀wò kan ṣoṣo.

Òkè tí a ó gùn

Àpẹẹrẹ tí mo mú ni ọ̀wọ́ òkè tó nà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọ Èkìtì, tí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà lórí rẹ̀. Kuatisáìtì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe òkúta rẹ̀. Yanrìn ayé àtijọ́ ni, tí ooru àti ìwúwo abẹ́ ilẹ̀ fún pọ̀ títí ó fi di òkúta líle. Òjò ọdún gbọọrọ fọ ilẹ̀ tó rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí òkúta yìí fọ̀. Bí òkè náà ṣe dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni omi ṣe rí ibi gíga tí yóò ti máa já wálẹ̀. Ní ìhà Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín àwọn òkè yìí kan náà, ni ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ àti ti Ìbàdàn ti kojú ara wọn nínú ogun Kírìjí. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà kò ní béèrè mọ́ pé kí ló jẹ́ kí ogun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ibi mẹ́ta ló wà lágbègbè yìí tí òpin ọ̀sẹ̀ kan lè gbà. Èkíní ni omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìpele méje ni omi náà ní. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò sì ń mọ. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú yóò bá ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pàdé, yóò di gbòǹgbò mú, yóò sì rí i pé èrò ń dín kù bí òun ṣe ń gòkè. Lókè pátápátá, ojú ọ̀nà yóò là sí ìhà Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn yóò sì yí padà.

Èkejì ni Ìkógòsì, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkìtì. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun níbẹ̀ láti ojúsun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á ṣàn lọ, wọ́n á pàdé, ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi níbi tí wọ́n ti pàdé lè mọ ooru ní ẹsẹ̀ kan kó sì mọ òtútù ní èkejì. Òjò tó wọ ilẹ̀ lórí òkè ló ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná. Yóò wá gba ibi tó sán nínú òkúta padà sókè kó tó tutù tán. Ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tó wá láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ibẹ̀ fún ibùdó àwọn ọ̀dọ́. Èyí fi hàn pé sísùn sí Ìkógòsì nítorí ìsinmi kì í ṣe àṣà tuntun.

Ẹ̀kẹta ni omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí Ìkógòsì. Ètò tó bá ara mu ni pé kí a gun Olúmirìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a gba ọ̀nà Ìwàràjà, Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọkọ lọ sùn sí Ìkógòsì, kí a yà wo Àrìnta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a sì kọrí sílé.

Ìgbà tó yẹ ká lọ

Oṣù tí a yàn ló ń pinnu irú òkè tí a ó bá. Láti oṣù Igbe títí dé oṣù Ọ̀wàrà ni òjò ń rọ̀ nílẹ̀ wa, pẹ̀lú ìdákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi Olúmirìn máa ń pọ̀, ariwo rẹ̀ á ti dé etí wa kí ojú tó rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo àpáta ló ń yọ̀, ìpele òkè sì léwu. Nínú oṣù kejì, ọ̀nà gbẹ, ìrìn rọrùn, àmọ́ omi lè ti dín kù gan-an. Bí wọ́n bá ní kí n yan oṣù kan fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, Bélú, oṣù kọkànlá, ni mo máa yàn: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi ṣì ń já dáadáa, ilẹ̀ sì ti ń le. Ẹni tó bá lọ nígbà ọyẹ́, ní oṣù kejìlá sí ìkíní, kó mọ̀ pé eruku lè bo gbogbo ohun tó yẹ kí ojú rí láti orí òkè, àti pé òtútù òru Èkìtì nígbà yẹn kì í ṣe ohun tí ìró kan ṣoṣo lè ká.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà oòrùn kì í fi àkókò ṣòfò nígbà tó bá ń wọ̀. Láàárín aago mẹ́fà sí aago méje ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn ti dé. Inú igbó máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ojútáyé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀

Kò sí òkè tí kò ní onílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Níbi tí a bá rò pé igbó lásán ni, oko kòkó ẹnì kan ni, tàbí ibi tí ìdílé kan ti ń bọ, tàbí ojú ọ̀nà ọdẹ. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a lọ kí àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀, kí a san owó ìwọlé tí wọ́n bá ń gbà, kí a sì gba ọmọ ìlú kan tí yóò mú wa gòkè. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Owó tí a ó fún amọ̀nà náà kò tó owó epo tí a sun wá, ṣùgbọ́n òun ló mọ gbòǹgbò tó ti jẹrà, òun ló mọ ibi tí oyin wà, òun náà ni yóò sáré lọ sílé bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá rọ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi pa mọ́. Àwọn ajínigbé ti sọ àwọn igbó kan di ibi ìfura, ẹni tó bá sì sọ pé kò sí ewu ń tan ẹlòmíràn ni. Kí a béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ lọ gan-an. Kí a jẹ́ kí ìlú mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní 2020, wà fún irú iṣẹ́ yìí. Kí a má rìn lálẹ́ lójú títì. Kí a má dá lọ: ó kéré tán, kí a pé mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fara pa, ẹnì kan yóò dúró tì í, àwọn méjì yóò sì lọ pe ìrànwọ́. Kí a sọ fún ẹni tó wà nílé pé ibi báyìí là ń lọ, aago báyìí la ó pè. Bí ìròyìn ọ̀nà kò bá dára, kí a dúró sílé. Òkè kò ní sá lọ, àǹfààní ibi tó sún mọ́lé sì nìyẹn: ọ̀sẹ̀ mìíràn ń bọ̀.

Ẹrù tí a ó gbé

Aṣiṣẹ́ ọ́fíìsì tó bá fẹ́ gun òkè fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń gbé ẹrù ju bó ti yẹ lọ. Omi ni kí a kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń gun òkè nínú oòrùn wa nílò nǹkan bí lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́, lítà omi kan sì wúwo tó kìlógíráàmù kan. Èyí túmọ̀ sí pé kìlógíráàmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti wà lẹ́yìn wa kí a tó ka oúnjẹ. Ìdí nìyí tí gbogbo ohun yòókù fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́.

Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ló yẹ. Sálúbàtà kò yẹ. Kí bàtà náà ti mọ ẹsẹ̀ lára. Bàtà tuntun ní ọjọ́ ìrìn máa ń bó ẹsẹ̀. Ṣòkòtò gígùn àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó fúyẹ́ ń dá ẹ̀gún àti kòkòrò dúró. Kí a mú tọ́ọ̀ṣì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí a lè so mọ́ orí ló dára jù, nítorí ọwọ́ méjèèjì yóò ṣófo. Kí a mú aṣọ òjò, ìṣáná tí a fi ọ̀rá wé, ọ̀bẹ, fèrè kékeré kan, oògùn ìpalára, báńdéèjì, àti páwà báǹkì fún fóònù. Fèrè ṣe pàtàkì: ẹni tó sọnù tó ń pariwo yóò rẹ̀, ṣùgbọ́n fífun fèrè kì í tètè rẹ èèyàn.

Ní ti oúnjẹ, ilẹ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ yìí tán tipẹ́. Gààrì, ẹ̀pà, kúlíkúlí àti àádùn kò wúwo, wọn kì í sì í tètè bàjẹ́. Mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé pọ́n àti ẹ̀kọ tó wà nínú ewé yóò gbé wa dé alẹ́ ọjọ́ kìíní, ewé rẹ̀ kò sì ní di ìdọ̀tí bíi ti ọ̀rá. Kí a fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ kún ẹrù wa. Bí àárẹ̀ oòrùn tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan ni kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi rí dókítà.

Bí a ṣe ń rìn

Ní ọdún 1892, ará Scotland kan, William Naismith, fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ tí àwọn agunkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí a bá gùn sókè. Òkè Scotland tí kò ní igbó púpọ̀ ló fi ṣe é. Nínú igbó tiwa, níbi tí ooru wà tí ọ̀nà sì ń yọ̀, kí a sọ àkókò náà di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, kí a pinnu aago ìpadà kí a tó gbéra. Bí a bá sọ pé aago méjì ọ̀sán, aago méjì ni, ibi yòówù kí a dé. Ìpele keje tí a kò dé lónìí, a ó dé e nígbà mìíràn.

Ẹsẹ̀ kúkúrú ló ń gun òkè. Ẹni tó bá ń na ẹsẹ̀ gígùn á máa mí hẹlẹ kó tó dé ìdajì. Kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí èémí bá ẹsẹ̀ mu, kí a sì rìn débi pé a ṣì lè sọ̀rọ̀ láìdúró. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ lọ́ra jù ni kí ó ṣáájú, nítorí òun ni yóò fi ìwọ̀n ìrìn lélẹ̀. Amọ̀nà á wà pẹ̀lú rẹ̀, alágbára kan á sì dí ẹ̀yìn. Níbi tó bá ga gan-an, kí ohun mẹ́ta nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì máa di òkè mú nígbà gbogbo, kí ẹyọ kan ṣoṣo máa lọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń ṣe orúnkún léṣe. Ara ti rẹ̀, ọkàn ti lọ sílé, ẹsẹ̀ a sì máa yọ̀. Kí a tẹ orúnkún díẹ̀, kí a fi ọ̀pá ran ara wa lọ́wọ́, kí a má sáré.

Bí òjò bá ṣú, kí a kúrò lórí àpáta gbalasa kíá. Bí a bá rí mànàmáná tí àrá sì sán kí a tó ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tán, òjò náà ti sún mọ́ wa tó láti ṣe wá léṣe. Kí a sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó rẹlẹ̀, kí a má dúró sábẹ́ igi tó dá wà, kí a sì jẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí a tó padà.

Ní ti ejò, ìró ẹsẹ̀ tó wúwo máa ń lé wọn sá. Paramọ́lẹ̀ ni kì í sáré sá. Ó lè sùn sójú ọ̀nà. Kí a má ki ọwọ́ bọ ihò àpáta, kí a má sì gbé ẹsẹ̀ sódì kejì igi tó wó láìwo ibẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, kí a má fi abẹ ya ojú ọgbẹ́, kí a má fi ẹnu fà á, kí a má fi okùn dè é pinpin. Kí a bọ́ òrùka àti ohun tó fún mọ́ ọn, kí a fi igi de ẹsẹ̀ tàbí apá náà kó má mì, kí a gbé e; kí a má jẹ́ kó rìn bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì dé ilé ìwòsàn ní kíákíá.

Omi: ọ̀rẹ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún

Omi ló ń pe ọ̀pọ̀ wa lọ síbẹ̀, òun náà ló sì yẹ ká fi ojú sí jù lọ. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn ní ìsàlẹ̀. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdéédé di pupa, bí ewé àti igi kéékèèké bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọjá, tàbí tí ariwo omi bá yí padà, àgbàrá ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí gbogbo èèyàn jáde lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró mú bàtà. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ sínú omi tí kò tíì fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀. Kí a má sì gun àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń já nítorí fọ́tò. Ewédò tó bo irú àpáta bẹ́ẹ̀ ń yọ̀ jù, àfi kí a wò ó látòkèèrè.

Omi tó dà bíi pé ó mọ́ lè má mọ́. Sòbìà tó da àwọn bàbá wa láàmú ti lọ. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ́jú omi mímu sì wà lára ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn mìíràn kò lọ. Nítorí náà, omi odò tí a bá fẹ́ mu, kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kí a tó gbé e kalẹ̀. Àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ń gba awọ ara wọlé láti inú omi tí ìgbín kékeré inú omi ń gbé. Omi tó dákẹ́, tí koríko yí ká, ni ìgbín bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn. Kí a má wẹ̀ níbẹ̀. Létí odò tó ń yára ṣàn ni kantíkantí kékeré tó ń fa ìfọ́jú odò ń pamọ sí, ọ̀sán ló sì ń jẹ èèyàn. Aṣọ gígùn ni ààbò tó rọrùn jù lọ sí i.

Àgọ́ àti òru

Kí àgọ́ ti dúró kí oòrùn tó wọ̀. Kí a wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó ga díẹ̀ ju odò lọ, tó sì jìnnà sí i. Ojú àgbàrá tó gbẹ máa ń wu èèyàn nítorí yanrìn rẹ̀ rọ̀, àmọ́ ọ̀nà omi ni, omi kì í sì gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Kí a gbé ojú sókè: bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà lórí igi tó ṣíji bò wá, kí a kúrò níbẹ̀. Kí a wo ilẹ̀ bóyá ìjàlọ ń tò kọjá. Bí a kò bá ní àgọ́, ilé kékeré tí a lè háyà wà ní ibùdó Ìkógòsì. Ẹni tó sùn síbẹ̀ kò pàdánù òkè.

Ohun tó ń jí ọ̀pọ̀ èèyàn lóru ni òtútù tó ń ti ilẹ̀ wá. Aṣọ ìbora mẹ́ta lókè kò ṣe ohun tí ẹní kan tó nípọn lábẹ́ ń ṣe, nítorí ilẹ̀ ló ń fa ooru ara jáde. Kí a tẹ́ ọ̀rá, kí a tẹ́ ẹní lé e, kí a wọ aṣọ gbígbẹ tí a kò fi rìn, kí a sì wọ ìbọ̀sẹ̀. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ń jẹ èèyàn, nítorí náà àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí gbọ́dọ̀ wà, bí ẹnu ọ̀nà àgọ́ kò bá tilẹ̀ ṣí. Kí a di oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí. Eku ló ń tan ibà Lassa kálẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé gbè wá sì wà lára àwọn tó ń rí i jù lọ.

Iná, bí wọ́n bá gbà wá láyè láti dá a, kí ó kéré, kó wà lórí ilẹ̀ tí a ti ro ewé rẹ̀ kúrò. Nígbà ọyẹ́, kí a má dá iná rárá; ẹta iná kan lè jó oko kòkó tí ẹnì kan ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe rẹ̀. Kí a tó sùn, kí a da omi sí i, kí a fi igi rú u, kí a tún da omi sí i, kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbọ́ ooru rẹ̀. Bí ó bá ṣì gbóná, kò tíì kú.

Ìwọ̀ àti ẹja

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìpẹja kún ìsinmi rẹ̀, kó yà á sọ́tọ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn. Odò orí òkè kéré, ẹja inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nínú àwọn ìlú kan sì rèé, ẹja odò ìlú jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni kí a pẹja, èèwọ̀ ni kí a sì dọdẹ. Aṣejírẹ́, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ni àwọn apẹja wà, ibẹ̀ la sì ti lè béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí àlejò lè jókòó sí.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ọ̀pá, okùn, ìwọ̀ kékeré, òjé díẹ̀ tí yóò fa ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀, ohun tó léfòó tí yóò sọ fún wa pé ẹja ti fọwọ́ kan ìjẹ, àti ekòló. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀pìà ń jẹun létí omi. Ní ọ̀sán gangan, ooru á ti lé e lọ sí ibi jíjìn. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ń jẹun lóru, ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú ẹrẹ̀ tí ẹja mìíràn kò lè gbé. Kí a dá ẹja kékeré padà sínú omi. Irú ẹ̀pìà kan wà tí ìyá rẹ̀ ń kó ẹyin àti ọmọ sí ẹnu. Bí a bá mú irú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ọjọ́ iwájú la fi ọwọ́ kan gbá lọ.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà lè rí irú ìpẹja mìíràn lórí odò tútù àwọn òkè ibẹ̀. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò tí ẹja fẹ́ràn, ìwúwo okùn fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé ìwọ̀ náà fò dé ojú omi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀ sódò. Òfin náà bá ohun tí à ń sọ lọ: ibi gbogbo ni odò ti ní alábòójútó.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀

Ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún mi láti rí ọ̀rá omi, ìgò ọtí àti abọ́ ike tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn mu. Ohun tí a gbé gòkè nígbà tó wúwo, kí ló dé tí a kò lè gbé e sọ̀ nígbà tó ti ṣófo? Kí àpò kan wà fún ìdọ̀tí, kí ó bá wa padà délé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó rìn kúrò létí omi tó ọgọ́ta mítà, kó gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹ̀ẹ́dógún sí ogún sẹ̀ǹtímítà, kó sì bò ó. Kí a má fi ọṣẹ wẹ̀ nínú odò. Kí a má fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sára igi tàbí ọ̀dà sára àpáta. Kí a má gbé ẹ̀rọ ariwo gòkè. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin lè gbọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n ilé kò ní ohùn omi yẹn.

Kí a ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà: iyán, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, kí a sì gun ọ̀kadà wọn. Ìlú tó bá rí èrè lára òkè rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igbó tó yí i ká, bí igbó bá sì dúró, omi kò ní gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Bí Ẹ̀fọ̀n bá jìnnà sí yín, ẹ wo ìtòsí yín. Àwọn ará Oǹdó ní Ìdànrè. Àwọn ará Ìṣẹ́yìn ní Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàké wà lórí òkè. Abẹ́òkúta ní Olúmọ, tí ẹni tó ní wákàtí díẹ̀ péré lè gùn kó tó jẹun ọ̀sán. Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀ nínú ọdún kan. Ẹ lọ bá a lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ń lọ, lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì mú ọmọ yín dání ní ìgbà kẹta nígbà tí ẹ bá ti mọ ọ̀nà. Ọmọ tó bá mọ òkè ìlú rẹ̀ láti kékeré ni yóò dáàbò bò ó nígbà tó bá dàgbà. Ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín mẹ́ta lónìí, ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì gbéra.